Ogójì Kíkà Lábẹ́ Omi Tútù

Bí àwọn ọmọ àdúgbò mi ní Dogon Dutse bá bi mí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?", mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Abọ́ ni mo fọ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mò ń ṣe àwàdà. Mi ò ṣàwàdà o. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi fọ abọ́ ní láàbù ilé-ìwòsàn kan nílùú Jos yìí, àwọn abọ́ kan tí mo fọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ jẹ́ títí láé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jókòó kí n rò fún yín. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí iṣẹ́ náà ò wù yín, ẹ lọ kọ́ òmíràn. Mi ò ní bínú.

Rìsíkátù ni orúkọ mi, Rìsí ni gbogbo ayé ń pè mí. Ọ̀ffà ni bàbá àti ìyá mi ti wá, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní Dilimi: ṣéènì, táyà, sípóòkù, àti àwọn irin róbótó kéékèèké tó ń mú kí àgbá kẹ̀kẹ́ yí. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ka sípóòkù fún oníbàárà. Hausa ni wọ́n ń sọ, Hausa ni èmi náà fi ń kà á. Òǹkà ọjà ni, a kì í pe orúkọ rẹ̀ tán. Bí a bá ti kọjá goma, ìyẹn ẹ̀wá, ó di sha ɗaya, sha biyu, sha uku, ọwọ́ ń sáré, ẹnu ń sáré. Bàbá mi á ní, "Rìsí, maza-maza!", pé kí n ṣe kíá, oníbàárà ń dúró. Ẹ rántí òǹkà yìí o, torí òun ló máa dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn láti sọ. Mo jáde ilé-ìwé, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń jáde nígbà tó bá jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀gbẹ́ni Fátúyì ni ọ̀gá mi. Ará Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá sí Plateau lẹ́yìn òmìnira, tí wọn ò sì padà sílé mọ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, aṣọ funfun rẹ̀ sì máa ń ní bọ́tìnnì títí dé ọrùn, ooru ì báà mú. "Uṣẹ́" ló ń pe iṣẹ́. A máa ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó láyà láti sín in jẹ lójú rẹ̀. Bó bá dúró lẹ́yìn rẹ, wàá kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ọṣẹ, kí o tó gbọ́ ohùn rẹ̀, o ti ronú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí o dá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Ẹ mọ ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú, àbí? Yíìsì là ń pè é ní láàbù. Ti búrẹ́dì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìbátan tó ń gbé lára ènìyàn, irú èyí tó ń mú kí ahọ́n ọmọ ọwọ́ funfun báláú. Nínú àwọn ìbátan yẹn, àwọn kan á kàn jókòó sórí nǹkan, bí omi bá ti kàn wọ́n, wọ́n ti lọ. Àwọn kan kì í jókòó sókè. Wọ́n á na ara wọn gùn, wọ́n á wọ inú nǹkan lọ bí gbòǹgbò koríko. Láyé ìgbà yẹn, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ lára aláìsàn, wọ́n máa ń fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á tún un lò. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ: yíìsì tó wà lára rọ́bà wọn, ṣé èyí tó ń bá omi lọ ni àbí èyí tó ń wọlé? Bó bá jẹ́ èyí tó ń wọlé, kí wọ́n ju rọ́bà náà nù, torí ara aláìsàn mìíràn ni yóò tún bá a dé.

Bí a ṣe ń wá ìdáhùn náà nìyí. A ó se oúnjẹ yíìsì, a ó dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ kékeré, yóò dì bí ẹ̀kọ. A ó kán yíìsì lé e lójú, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. A ó tì í mọ́ inú àpótí tó móoru fún ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan fífọ̀. Wàá wọ ìbọ̀wọ́, wàá gbé abọ́ sábẹ́ omi tó ń ṣàn tín-ín-rín, wàá sì fi ìka kan ra ojú ẹ̀kọ náà yí po, jẹ́jẹ́, kó má baà ya. Èyí tó jókòó sókè á bómi lọ. Èyí tó ti wọlé á kù síbẹ̀ bí àbàwọ́n. Bí kò bá sí àbàwọ́n, òdo ni a ó kọ. Bí ó bá wà níbẹ̀ bí ẹni pé omi ò kàn án rí, mẹ́rin ni. Gbogbo iṣẹ́ náà, orí ìka kan ló wà.

Ṣé ẹ wá rí i pé bí ìka yín bá le jù, tàbí omi pọ̀ jù, tàbí ẹ pẹ́ jù lábẹ́ omi, irọ́ lẹ máa kọ sínú ìwé? Ọ̀gá mọ̀ ọ́n. Omi ẹ̀rọ Jos kò ṣeé gbọ́kàn lé, lónìí á tú yàà, lọ́la á kán tó, tó. Ọ̀gá bá mú agolo mílíìkì, ó fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí ìdí rẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Omi inú agolo yẹn nìkan ni a fi ń fọ̀. Aago ògiri ti kú, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wọ aago ọwọ́ wọlé torí ìdọ̀tí. Ó ní, "Aago a máa kú. Ẹnu rẹ ò ní kú kí ìwọ tó kú." Nítorí náà ẹnu la fi ń kà á: ení títí dé ogójì, ní Yorùbá, sókè ketekete, kó gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó bi mí pé, "Ṣé o lè ka ení dé ogójì?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kà á."

Mo kà á dé ẹ̀rìnlá, mo dúró. Ọmọ Dilimi, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Mo wá ní, "Ẹ̀wá àti àrún."

Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, sà."

"Àwọn ará Ọ̀ffà tí mo mọ̀ gbọ́n. Lọ bá ìyá rẹ kó kọ́ ọ. O ò ní fọwọ́ kan abọ́ mi títí wàá fi mọ̀ ọ́n."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi fọ ìgò lásán. Lálaalẹ́ ni Màámi ń kọ́ mi ní òǹkà, tó ń fi mí ṣẹ̀sín pé mo ti di gàmbàrí pátápátá. Ọjọ́ tí mo padà wá kà á, mo dé àrùndínlógójì, inú bí mi. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a fi ń yọ márùn-ún kúrò lára ogójì tí a ò tíì dé?"

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Torí pé a mọ ibi tí à ń lọ," ó ní. "Kà á lọ."

Ó le, kì í ṣe díẹ̀. Bí o bá sín nítòsí abọ́ tó ṣí, o ti ba iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún jẹ́ nìyẹn, ìwọ ni yóò tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún Iléyá kan, mo kun làálì wá síbi iṣẹ́. Ó ní kí n lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ títí yóò fi ṣí. Mo ní, "Sà, ìbọ̀wọ́ ni mo máa wọ̀." Ó ní, "Ibi tí a ti ń wá àbàwọ́n, a kì í mú àbàwọ́n lọ síbẹ̀." Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà: nígbà ọyẹ́, tí omi Jos bá ń gé ènìyàn lọ́wọ́, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé kẹ́tùrù kaná, tó máa ń po omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́ kan fún mi. Bí mo bá ti fọ abọ́ mẹ́wàá, á ní, "Ki ọwọ́ rẹ bọ̀ ọ́." Kò jẹ́ ṣe é fún ẹlòmíràn, kò sì sọ ìdí rẹ̀ rí.

Gbogbo òdo, gbogbo mẹ́rin, ó ń kọ wọ́n sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo aláwọ̀ ewé. Yíìsì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, a sì tọ́jú díẹ̀ lára wọn sínú fírísà. Ìwé mẹ́rin ló kún kí n tó dé, a jọ kọ méjì sí i. Ìwé yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ rọ́bà tí wọ́n máa jù nù. Ọ̀gá ò bí ọmọkùnrin. Ó máa ń sọ pé àwọn ìwé náà ni àrólé òun.

Ọdún kẹsàn-án mi ni wọ́n fi Ọ̀gá jẹ olórí ẹ̀ka, ó di ẹni tó ń jókòó sínú ọ́fíìsì ti ìwé. Èmi nìkan ni mo kù nídìí agolo. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà, kò sí ẹni tó ń po omi gbígbóná fún mi, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ bóyá mo kà á sókè tàbí mi ò kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú. Mi ò jókòó pinnu rẹ̀ o, bí ènìyàn bá ti pa ẹnu dé, ọkàn á mú èdè tó bá wù ú. Ọkàn mi mú ti Dilimi. Sha ɗaya, sha biyu, sha uku, maza-maza, ogójì ti pé, mo ti yọ ọwọ́ kúrò nínú omi tútù. Mo sì ń fi gbogbo ọkàn mi gbà pé ogójì ni mo kà. Ogójì náà sì ni lóòótọ́.

Báyìí la wà fún bí ọdún méjì, kí Dókítà obìnrin kan tó ti òkè òkun dé. Onílàákàyè ènìyàn ni, kò sì níkà nínú. Ó rí ìwé Ọ̀gá, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun máa sọ ọ́ di ìwé ìlànà tí wọ́n máa pín fún gbogbo wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mú ọgbọ̀n yíìsì àtijọ́ jáde nínú fírísà, kí a tún wọn wò. Èmi ni wọ́n ní kí n fọ̀ wọ́n.

Mo fọ̀ wọ́n. Ó lé ní ìdajì nínú àwọn tí Ọ̀gá kọ òdo sí tó ní àbàwọ́n lọ́wọ́ mi, kedere, ojú lásán rí i.

Dókítà bi mí pé, "Báwo lo ṣe fọ̀ ọ́?"

Mo ní, "Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́ ni, mà. Omi inú agolo, ìka kan, ogójì."

Ó lọ bi Ọ̀gá. Ọ̀gá náà ní, "Omi inú agolo, ìka kan, ogójì."

Bí ẹni méjì bá ṣe ohun kan náà, tí ohun tó jáde kò bá ara mu, ẹnì kan ń purọ́ nìyẹn. Ohun tí Dókítà rò nìyẹn, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ó ní Ọ̀gá kò fọ abọ́ kankan, ṣe ló jókòó tó ń kọ òdo, òdo, òdo. Wọ́n fún Ọ̀gá ní lẹ́tà pé kó wá ṣàlàyé. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á lé e lọ bí òpùrọ́, wọ́n á sì sun ìwé mẹ́fà náà, gbogbo ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe.

Ó pè mí lọ́jọ́ náà. Kò bínú. Ó ní, "Rìsí, ṣé o fọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, sà."

"Ó dáa," ó ní. "Èmi náà fọ̀ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi: mo gbà pé irọ́ ló pa. Inú bí mi sí i. Gbogbo omi tútù tí mo ti ki ọwọ́ bọ̀, gbogbo làálì tó tìtorí rẹ̀ lé mi sí kọ̀rọ̀, mo ní, àṣé òun gan-an kì í fọ abọ́! Mo ń kọjá lára rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kí i lóréfèé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti Màámi lọ ra ọsàn ní Angwan Rukuba fún ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi. Ogójì ọsàn ni a fẹ́. Ẹni tó ń tà á, baba Hausa kan, bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sínú àpò, ó ń kà á. Màámi kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni lọ́jà láyé yìí, òun náà ń kà á tẹ̀ lé e ní Yorùbá, ení, èjì, ẹ̀ta. Baba náà dúró, ó ní, "Arba'in! Ogójì ti pé, Hajiya."

Màámi pariwo, "Ogójì kẹ̀? Ẹ̀tàlélógún ni mo dé!"

"Haba, Hajiya! Wallahi, ogójì ni!"

"Irọ́ ni! Rìsí, o ò gbọ́ nǹkan tí ọkùnrin yìí ń sọ?"

Wọ́n da ọsàn sílẹ̀, wọ́n tún un kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogójì ló pé géérégé. Àwọn èrò ọjà ń rẹ́rìn-ín. Màámi náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu ọkùnrin náà ló ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mo rí ìka mi lábẹ́ omi. Mo rí i bí òǹkà Hausa ṣe ń mú kí n tètè yọ ọ́. Àwọn abọ́ mi kò mọ́ torí pé mi ò fọ̀ wọ́n tó.

Ẹ ó rò pé mo sáré lọ sọ ọ́ ni. Mi ò lọ. Dókítà ti sọ fún mi pé èmi ni wọ́n máa fi ṣe olórí ìdí iṣẹ́ yíìsì, lẹ́tà rẹ̀ ti wà lórí tábìlì, ìfọwọ́sí ló kù. Mo ní n óò sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, mo ní ó di ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ìgbìmọ̀ jókòó, Ọ̀gá sọ ohun kan náà tó ti ń sọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà, mo sì pa á mọ́.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó wá sí ìdí iṣẹ́ mi. Ó ti bọ́ aṣọ funfun, mi ò tíì rí i rí láìsí i. Ó yọ agolo kúrò lára ògiri, ó gbé e sókè wo ihò rẹ̀ lójú iná, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́.

"Má jẹ́ kí ihò rẹ̀ fẹ̀," ó ní. "Bó bá ti ń dípẹtà, ṣe òmíràn. Ìṣó kan náà ni kó o lò. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀." Ó jáde lọ.

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n pè ní òpùrọ́ ló ń ronú nípa ìṣó. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo mú abọ́ méjì tí yíìsì kan náà wà nínú wọn. Mo fọ ọ̀kan pẹ̀lú òǹkà Dilimi, mo fọ èkejì pẹ̀lú òǹkà Ọ̀gá, sókè ketekete. Ti Dilimi ní àbàwọ́n. Ti Ọ̀gá mọ́ pátá. Mo gbé méjèèjì lọ bá Dókítà, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó wo abọ́, ó wò mí. "Kai, Rìsí," ó ní. "Kai."

Ó ní kí n tún un ṣe níwájú òun, ó di aago ọwọ́ rẹ̀ mú. Òǹkà Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po méjì tèmi. Ó mú mi lọ bá ìgbìmọ̀, mo tún un ṣe níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta. Wọ́n kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Ìkọ̀lé-Èkìtì pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn Ọ̀gá, pé ìwé rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró. Dókítà kọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé: wọ́n fa lẹ́tà olórí ìdí iṣẹ́ ya, ó tó ọdún mẹ́jọ kí n tó rí òmíràn. Ó tọ́ sí mi.

Èmi náà kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá. Mi ò fi ohunkóhun pamọ́. Kò fèsì. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, mo máa ń kọ òmíràn: báwo ni ara yín, agolo ṣì wà, mo ti ṣe tuntun, ìṣó kan náà ni mo lò. Kò fèsì rí.

Iṣẹ́ ń yí padà ní tirẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sára ògiri pé: "Ẹ má kà á mọ́, aago ni kí ẹ lò," ó sì ra aago tí à ń tẹ̀ lórí kó máa sáré. Lẹ́yìn ìyẹn ni rọ́bà ìlò-ẹ̀ẹ̀kan wọ́pọ̀, tí ó di pé a kì í fọ ẹ̀kọ nìkan mọ́. A máa ń gé ara rọ́bà gan-an wẹ́wẹ́, a ó jẹ́ kí yíìsì gbé lórí rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì kun ún ní ọ̀dà elése àlùkò tí àwọn ìyá máa ń fi kun ẹnu ọmọ ọwọ́. Bí àwọ̀ tó kù bá ṣe dúdú tó ni yíìsì tó kù ṣe pọ̀ tó. A kọ́ láti gé ẹ̀kọ náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé, kí a gbé e sábẹ́ máíkróskóòpù, kí a wọn bí gbòǹgbò náà ṣe jìn tó. Nígbà tó yá, kámẹ́rà ń yà á, kọ̀ǹpútà ń sọ iye rẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ kì í fi ìka ra ohunkóhun mọ́, ẹ̀rọ kan ló ń da omi. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe." Mo máa ń ní, "Ta ló sọ fún un iye tó máa da?"

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ wa, ẹ lọ ṣe é. Kì í sọni dolówó, kì í sì í pani. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kò ju pé bí ohun tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó kọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ tiyín wò. Bí ẹ bá sì rí àṣìṣe yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé.

Oṣù tí mo fẹ̀yìn tì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ọ̀nà jìn, ẹ̀rù sì ń bà mí láti Jos títí débẹ̀. Ọmọbìnrin Ọ̀gá ló ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ṣì dé ọrùn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

Ó yí orí sí mi. "Rìsí."

"Èmi ni, sà."

Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀. Ó wá ní, "Gbogbo lẹ́tà rẹ dé. Ọmọ yìí ń kà wọ́n fún mi."

"Ẹ ò fèsì, sà."

"Kí ni n bá sọ? Àṣìṣe òǹkà, èmi ni mo ni ín. Mo kọ́ ọ ní òǹkà, n ò kọ́ ọ ní iye àsìkò tó yẹ kó gbà. Ìyẹn ò dùn mí." Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló dùn mí, Rìsí. Ó dùn mí gan-an."

Mo sunkún níbẹ̀, arúgbó bíi tèmi, lórí eékún. Kò ní kí n dákẹ́, kò sì ní kí n dìde. Ọmọ rẹ̀ ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, a ń gbọ́ ọ. Nígbà tó gbé iyán dé, ó gbé abọ́ omi ìfọwọ́ síwájú mi. Ọ̀gá na ọwọ́, ó ki ìka kan bọ inú omi náà.

"Gbé e padà," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Po omi gbígbóná sí i. Ọwọ́ ẹni yìí a máa tutù."

Ọmọ náà po ó, ó gbé e wá. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Kà á," Ọ̀gá ní. "Kí n gbọ́."

Mo kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta. Mi ò sáré. Mo kọjá ẹ̀rìnlá, mo kọjá ogún, mo kọjá ọgbọ̀n, mò ń fi ìka kan ra ìka kejì lábẹ́ omi. Mo dé àrùndínlógójì, mo dúró.

Ọ̀gá dúró dè mí.

"Máa lọ," ó ní. "A mọ ibi tí à ń lọ."

Mo kà á pé. Ó mi orí, ó sún àwo iyán sọ́dọ̀ mi.

"Ó tó," ó ní. "Jẹun, iyán ń tutù."